Ṣé Saxophone Olówó Pọ́ọ́kú Lè Figagbága Pẹ̀lú Olówó Ńlá?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá." Òwe yìí rọrùn láti pa, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti tẹ̀lé nígbà tí ènìyàn bá dúró nínú ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin, tí fèrè saxophone méjì wà níwájú rẹ̀. Idẹ ni méjèèjì, wọ́n ń dán bíi wúrà, bí a sì ṣe ń tẹ ọ̀kan náà ni a ń tẹ èkejì. Síbẹ̀, owó ọ̀kan tó ra ogún irú èkejì. Ẹni tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń fọn ún, tàbí òbí tí yóò sanwó rẹ̀, á bi ara rẹ̀ léèrè pé: kí ni owó gọbọi yìí ń rà gan-an? Ṣé ohùn ni, àbí orúkọ?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti Òyìnbó nìkan. Ó ti pẹ́ tí saxophone ti di ọmọ ilé nílẹ̀ Yorùbá. Bobby Benson àti Chris Ajilo fọn ọ́n láyé ìgbà tí orin highlife gbòde ní Èkó. Orlando Julius fi di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Peter King fọn ọ́n títí, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ ní agbègbè Àgbádárìgì. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, tó jẹ́ pé kàkàkí Òyìnbó ló lọ kọ́ ní London, gbé saxophone sẹ́nu lẹ́yìn tí Igo Chico fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1973. Láti ìgbà náà, ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ro Fẹlá láìrí fèrè náà lọ́rùn rẹ̀. Lágbájá náà gbé e kọ́rùn pẹ̀lú ìbòjú. Lónìí, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló ní ẹni tó ń fọn ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe afọnfèrè síbi ìgbéyàwó, ìkómọ àti ìsìnkú àgbà. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni: ọ̀sẹ̀ tí òde bá wà ni owó wà. Nítorí náà, ẹni tó ra fèrè tí kò dára kò pàdánù ohun ìṣeré. Irinṣẹ́ rẹ̀ ló pàdánù.

Owó ọ̀hún kò sì kéré. Saxophone alto tuntun tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, tí kò ní orúkọ ńlá, ṣeé rí rà ní nǹkan bí 300 dọ́là. Èyí tí ilé-iṣẹ́ bíi Selmer ní ilẹ̀ Faransé ń ṣe fún àwọn àgbà olórin lè tó 6,000 dọ́là tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Kí ìjọba àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní iye tí ìjọba ń pè é. Fèrè 300 dọ́là nígbà náà kò tó 150,000 náírà. Ní ọdún 2024, dọ́là kọjá 1,500 náírà. Bí a bá fi iye yẹn ṣírò, fèrè kan náà di 450,000 náírà, láì tíì ka owó ìkẹ́rù àti owó ẹnubodè. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà fi lélẹ̀ ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹni tó ń gba iye yìí yóò ṣiṣẹ́ ju oṣù mẹ́fà lọ kó tó ra èyí tó pọ́ọ́kú, láì jẹun, láì wọkọ̀. Ti 6,000 dọ́là jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà. Owó iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá kò tó o. Ohun tí ayé ń pè ní pọ́ọ́kú kì í ṣe pọ́ọ́kú ní Ìbàdàn.

Ẹni tó fẹ́ dá ẹjọ́ yìí ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí saxophone jẹ́. Adolphe Sax, ọmọ ìlú Dinant ní Belgium, tí wọ́n bí ní 1814, ló ṣẹ̀dá rẹ̀, ó sì gba ìwé-àṣẹ rẹ̀ ní Paris ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1846. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé idẹ ni ara rẹ̀, ẹbí fèrè onígi ni àwọn onímọ̀ kà á mọ́, nítorí pé ìfefe pẹlẹbẹ kan, tí àwọn olórin ń pè ní reed, ló wà lẹ́nu rẹ̀. Èémí afọnfèrè ló ń mú ìfefe yìí gbọ̀n. Ìfefe á mú afẹ́fẹ́ inú fèrè gbọ̀n. Gbígbọ̀n afẹ́fẹ́ náà sì ni ohùn tí etí ń gbọ́. Bí a bá ṣí ihò kan, afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n á kúrú, ohùn á lọ sókè. Bí a bá dí i, ohùn á sọ̀ kalẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ inú ló ń kọrin, a jẹ́ pé bí inú fèrè ṣe rí ló ń pinnu ohùn ju ohun tí wọ́n fi ṣe ara rẹ̀ lọ: bó ṣe ń fẹ̀ láti ọrùn dé ìdí, ibi tí ihò kọ̀ọ̀kan wà, àti bí ihò náà ṣe tóbi tó. Ní ọdún 1971, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà kan, John Coltman, dán ọ̀rọ̀ yìí wò pẹ̀lú fèrè flute mẹ́ta tí inú wọn rí bákan náà. Ọ̀kan jẹ́ fàdákà, ọ̀kan jẹ́ bàbà, ọ̀kan jẹ́ igi. Nígbà tí àwọn tó ń gbọ́ kò rí èyí tí wọ́n ń fọn, wọn kò lè fi ohùn dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Nítorí náà, bí olùtajà bá sọ pé wúrà tí wọ́n fi kun ara fèrè kan ló mú ohùn rẹ̀ dùn, kí oníbàárà fọwọ́ di àpò rẹ̀ mú.

Ẹ̀rí tó lágbára jù wà nínú ìtàn fèrè kan tí ara rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe idẹ. Ní ọdún 1950, ilé-iṣẹ́ kan ní London bẹ̀rẹ̀ sí ta saxophone alto tí wọ́n fi ike ṣe, tí wọ́n sọ ní Grafton. Hector Sommaruga, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tó ń gbé ní London, ló gbèrò rẹ̀. Owó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdajì owó onídẹ. Ó funfun bí eyín erin, àwọn kíì tí ọwọ́ ń tẹ̀ sì jẹ́ irin. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè rò pé wọ́n rà á fún ọmọdé láti fi ṣeré.

Ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 1953, Charlie Parker gbé ike yìí sórí ìtàgé ní gbọ̀ngàn Massey Hall ní Toronto, ní Kánádà. Dizzy Gillespie, Bud Powell, Charles Mingus àti Max Roach ló bá a ṣeré lálẹ́ ọjọ́ náà. Parker wà lára àwọn tó dá irú jazz tí wọ́n ń pè ní bebop sílẹ̀, àgbà ni láàrin àwọn tó ń fọn alto. Wọ́n gba ohùn eré náà sílẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń gbọ́ ọ títí di òní. Ẹni tí wọn kò bá sọ fún kò ní tètè fura pé ike ni. Parker ni etí ń gbọ́. Ní ọdún 1994, wọ́n lu fèrè náà ní gbàǹjo ní London ní 93,500 pọ́n-ùn. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé jazz ní Kansas City lónìí, ìlú tí Parker gbé dàgbà. Ike náà kò yí padà; ẹnu tó fọn ọ́n ló sọ ọ́ di wúrà.

Ọ̀ràn Ornette Coleman sún mọ́ ti ọ̀dọ́ tó ń kọ́ fèrè nílẹ̀ Yorùbá ju ti Parker lọ. Coleman, ọmọ Fort Worth ní Texas, ń wá oúnjẹ òòjọ́ ní Los Angeles ní ọdún 1954, agbára rẹ̀ kò sì ká fèrè onídẹ. Grafton ni owó rẹ̀ tó. Kò kọ́kọ́ fẹ́ràn ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá a gbé, ó mọ ìwà rẹ̀, ohùn ọ̀hún sì di èyí tí a fi ń dá a mọ̀. Ní ọdún 1959, ó gbé àwo The Shape of Jazz to Come jáde, àwo tó dá awuyewuye ńlá sílẹ̀ láàrin àwọn olórin jazz. Ní ọdún 2007, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pulitzer fún orin. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́; Coleman kò jẹ́ kí ìtẹ́ kékeré sọ òun di eku kékeré.

Bí ìtàn bá parí síbẹ̀, ìdáhùn ì bá rọrùn: kí oníkálukú ra èyí tó pọ́ọ́kú, kó sì máa fọn ún lọ. Ṣùgbọ́n kí ló ṣẹlẹ̀ sí Grafton fúnra rẹ̀? Bó bá já bọ́ lọ́wọ́, ó lè là. Sípíríǹgì rẹ̀ kò rí bí ti àwọn yòókù, ọ̀pọ̀ atúnfèrèṣe kò sì fẹ́ fọwọ́ kàn án. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá péré ni wọ́n fi ṣe é kí wọ́n tó dáwọ́ dúró, wọ́n sì ta àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Ní ìdà kejì, Selmer Mark VI, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ọdún 1954, ṣì wà lọ́wọ́ àwọn olórin káàkiri ayé, wọ́n sì ń du ara wọn lówó lórí rẹ̀. Grafton bá a dọ́gba ní ohùn, kò bá a dọ́gba ní ọjọ́ orí. Ibí yìí ni ohun tí owó ń rà ti bẹ̀rẹ̀ sí hàn.

Ihò tó wà lára saxophone kan lé ní ogún. Ihò kọ̀ọ̀kan ní ìdérí tí wọ́n fi awọ bò, tó gbọ́dọ̀ dí i pinpin tí afẹ́fẹ́ kò fi ní jò. Ìdérí wọ̀nyí rọ̀ mọ́ àwọn kíì, àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, ìdè kéékèèké àti sípíríǹgì, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí irin kíì bá rọ̀ jù, ìka tó tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ á tẹ̀ ẹ́ wọ́. Ìdérí kò ní jókòó dáadáa mọ́, afẹ́fẹ́ á máa jò, ohùn ìsàlẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ sọ nù. Gọ́ọ̀mù tó mú awọ náà dúró lè yọ́ nínú ooru búùtù ọkọ̀. Ibi tí wọ́n jó pọ̀ lè tú. Láfikún, bí ihò kan bá ṣí kúrò níbi tó yẹ díẹ̀ péré, ohùn rẹ̀ kò ní bá ti dùùrù mu, bó ti wù kí afọnfèrè tiraka tó. Iṣẹ́ ọwọ́ tó péye lórí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ohun kéékèèké báyìí ni ìdí pàtàkì tí owó fi ń gòkè. Owó náà ń ra ìdánilójú pé ohùn tó jáde lónìí yóò jáde lọ́la àti lọ́dún mẹ́wàá sí i.

Kì í wá ṣe gbogbo ohun tó pọ́ọ́kú ni kò ní iṣẹ́ ọwọ́. Ní ọdún 1967 ni Yamaha ti ilẹ̀ Japan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe saxophone àkọ́kọ́ rẹ̀, lónìí, èyí tí wọ́n ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ káàkiri ayé ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ní Houli, ní agbègbè Taichung ní Taiwan, àwọn ìdílé kan ti ń ṣe saxophone láti àwọn ọdún 1940, iṣẹ́ ọ̀hún sì ti di àjogúnbá. Ní Ṣáínà, agbègbè Tianjin ń kó wọn jáde lọ́pọ̀ yanturu. Àwọn kan lára èyí tó ń ti ibẹ̀ wá ṣeé fi jẹun, àwọn mìíràn kò ṣeé fi kọ́ orin rárá. Nítorí náà, olówó pọ́ọ́kú pín sí méjì. Ọ̀kan pọ́ọ́kú nítorí pé wọ́n yọ ọ̀ṣọ́, fínfín àti orúkọ kúrò, wọ́n sì fi ìdí iṣẹ́ sílẹ̀. Èkejì pọ́ọ́kú nítorí pé ìdí iṣẹ́ gan-an ni wọ́n yọ kúrò. Wọ́n jọra lórí àtẹ. Ẹnu àti ìka ló ń fi ìyàtọ̀ wọn hàn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rò. Èrò gbogbogbòò ni pé àgbà olórin ló nílò fèrè tó dára, pé ohunkóhun tó fèrè ni akẹ́kọ̀ọ́ lè lò. Òdì kejì ló sún mọ́ òtítọ́. Àgbà tó bá gbé fèrè tó ń jò sẹ́nu á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé fèrè ló ń ṣàìsàn. Ó lè fi ètè fa ohùn tó yapa padà, ó lè yẹra fún ohùn ìsàlẹ̀ tó kọ̀ láti jáde, ó sì lè ki ìkì tó bo àlébù náà mọ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ nǹkan kan nínú èyí. Nígbà tí ohùn bá kọ̀ láti jáde, ara rẹ̀ ni yóò dá lẹ́bi. Á máa fẹ́ ẹ kíkan-kíkan, á máa há ẹnu mọ́ ọn, á fi bẹ́ẹ̀ kọ́ àṣà burúkú tí yóò gba ọ̀pọ̀ oṣù láti gbàgbé. Lẹ́yìn ọdún kan, á sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé òun kò ní ẹ̀bùn orin, wọn á sì gbà á gbọ́. Ẹ̀bùn wà níbẹ̀; fèrè ni kò sí. Ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ ló nílò fèrè tó péye jù lọ.

Ní ti orúkọ, ó ní agbára tirẹ̀ lórí ọkàn. Ní ọdún 2010, ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ kó violin mẹ́fà fún àwọn àgbà olórin mọ́kànlélógún. Mẹ́ta jẹ́ tuntun, mẹ́ta jẹ́ ògbólógbòó láti ọwọ́ Stradivari àti Guarneri, àwọn tí owó wọn ń lọ sí mílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n fún àwọn olórin ní awò tó ṣókùnkùn, kí wọ́n má baà rí èyí tí wọ́n ń ta. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yan violin tuntun, èyí tí wọ́n sì fẹ́ràn kéré jù lọ jẹ́ ọ̀kan lára ti Stradivari. Èyí kò sọ pé ògbólógbòó kò dára. Ó sọ pé nígbà tí ojú kò bá rí orúkọ, etí ń dá ẹjọ́ mìíràn. Kókó kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kó ṣọnù: àwọn tuntun wọ̀nyẹn kì í ṣe iṣẹ́ jákujàku. Ọwọ́ àwọn ọ̀mọ̀ṣẹ́ ló ṣe wọ́n.

Ọ̀nà kan wà tí owó kékeré ti ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Ẹnu fèrè, ìyẹn apá tí wọ́n ń fi sẹ́nu, àti ìfefe orí rẹ̀ ni ohùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnu fèrè tí wọ́n ń fi sínú àpótí saxophone olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń burú, inú rẹ̀ kì í dọ́gba, ìfefe kì í sì í jókòó lé e dáadáa. Ẹni tó bá yọ ọ́ sọ nù, tó ra òmíràn tó dára, tó sì ń pààrọ̀ ìfefe rẹ̀ ní àsìkò, lè gbọ́ ìyàtọ̀ tí ara fèrè tuntun kò ní mú wá. Ìfefe tó ti lá, tàbí tó ti hu ìdọ̀tí, ń ba ohùn fèrè 6,000 dọ́là jẹ́ bó ṣe ń ba ti 300 dọ́là jẹ́.

Bákan náà, Yorùbá ti mọ ọ̀nà àbùjá tí ayé ń wá kiri: tòkunbọ̀. Saxophone tí wọ́n ti lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà, tí ilé-iṣẹ́ olórúkọ rere ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, sábà máa ń sàn ju tuntun aláìlórúkọ tí owó wọn jọra. Ṣùgbọ́n igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí ẹni tó fẹ́ rà á mú afọnfèrè tó dáńtọ́ lọ́wọ́ lọ sọ́jà. Kí wọ́n fọn ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí kò bá jáde àfi pẹ̀lú agbára, ó ń jò. Kí wọ́n fi iná kékeré sínú rẹ̀ níbi tó ṣókùnkùn, kí wọ́n dí àwọn ihò. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ ni afẹ́fẹ́ yóò gbà jáde. Kí wọ́n wo ìdí rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀ bóyá ó ti wọ́ rí. Kí wọ́n fọn ọ́n pẹ̀lú dùùrù, kí wọ́n gbọ́ bóyá ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá a mu. Kí wọ́n sì béèrè owó àtúnṣe kí wọ́n tó gbà pé ó pọ́ọ́kú.

Àwọn atúnfèrèṣe gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kù sí lọ́wọ́. Wọn kò pọ̀, ọ̀pọ̀ saxophone sì wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí ṣọ́ọ̀ṣì tó jẹ́ pé awọ méjì tàbí sípíríǹgì kan ni kò jẹ́ kó fọhùn. Ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì á dá owó, wọ́n á ra òmíràn tó pọ́ọ́kú, ọdún méjì kò ní kọjá kí ìyẹn náà tó darapọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú yàrá. Owó fèrè mẹ́ta tó ti kú lè ra ọ̀kan tí yóò pẹ́, kó sì tún rán ọ̀dọ́ kan lọ kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe. Iṣẹ́ ọ̀hún kò nílò ju ìka tó fara balẹ̀, iná, awọ àti sùúrù lọ, àwọn tó ń fọn fèrè láti Èkó dé Òǹdó kò sì ní jẹ́ kí ebi pa ẹni tó bá mọ̀ ọ́n.

Ṣé saxophone olówó pọ́ọ́kú lè figagbága pẹ̀lú olówó ńlá? Ní ti ohùn, ó lè ṣe é, bí wọ́n bá ti ṣe inú rẹ̀ dáadáa, bí ẹnu tó ń fọn ọ́n bá sì ti gbóná. Ní ti ọjọ́ pípẹ́ àti ìfọkàntán, ó ṣòro fún un. Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà kò lè sọ ẹnikẹ́ni di Fẹlá, kò sì yẹ kí ọ̀dọ́ kankan tọrùn bọ gbèsè nítorí orúkọ tí wọ́n fín sára idẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi fèrè tó ń jò lé ọmọ lọ́wọ́, kó wá sọ pé ọmọ náà ni kò mọ̀ ọ́n fọn.